Ẹ̀wà Nítorí Ikọ́ Ife

Ọsibítù kan ní Hyde Park, ní Chicago, ni mo ti ń fi wheelchair gbé aláìsàn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní kòkòrò ikọ́ ife ń sùn láyà mi. Kíá ni mo ká apá ẹ̀wù sókè, mo fi àpá abẹ́rẹ́ ikọ́ ife tí mo gbà ní kékeré han nọ́ọ̀sì, ọmọ Yorùbá tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Inuit, àwọn onílẹ̀ yìnyín ní àríwá Canada. Mo ṣe bí ẹni tó mú visa dání.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àpá yẹn ò gbani mọ́. Lọ́dọ̀ àwọn Inuit, ikọ́ ife pọ̀, oúnjẹ gidi sì wọ́n gan-an, noodles ni ọ̀pọ̀ ń jẹ. Tí kòkòrò bá wọlé, ara ò lágbára láti lé e jáde."

"Ẹ̀yà! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀."

"Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Noodles."

"Níjẹta ńkọ́?"

"Noodles. Ṣùgbọ́n ẹ wo ikùn mi, ó tóbi!"

"Soda ẹlẹ́rìndòdò ló wà níbẹ̀, sà."

Ó fún mi ní oògùn oṣù mẹ́rin, ó ní kí n máa jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja. Èmi ọmọ àgbẹ̀, Chicago ni wọ́n ti wá kọ́ mi ní ẹ̀wà jíjẹ! Mo se ìkòkò kan lọ́jọ́ náà, ó jóná. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àlejò àyà mi má baà jí.