Ápù Tí Kò Tíì Gbó

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, iye ọdún rẹ̀ àti ìdílé tí ó ti wá. Orúkọ ni n óò fò, nítorí àwọn ọmọ mi kò fẹ́ kí ará ìta máa dárúkọ wa. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mí. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá mi ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú; ìyá mi sì ni àkọ́bí ìmáàmù kan tí ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù títí mo fi fẹ̀yìntì, n kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ọkọ mi ni ó gbin igi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ilé wa wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù náà, kò jìnnà sí ọjà Rye Lane, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti dé ẹ̀yìnkùlé, kì í gbọ́ ariwo àwọn tí ń ta ẹja àti iṣu mọ́. Ọdún tí a ra ilé náà ni ọkọ mi gbin igi ápù kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà onípákó. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó ń wo ọwọ́ ará ilé kejì, òyìnbó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tí ó ní igi ápù tirẹ̀ ní òdìkejì. Nígbà òtútù, tí ewé bá ti wọ́ tán, àwọn méjèèjì a máa rẹ́ ẹ̀ka, oníkálukú ní ẹ̀yìnkùlé tirẹ̀, wọn a sì máa bá ara wọn jiyàn gba orí ọgbà náà. Ọkọ mi a ní ápù òun ni ó dùn jù. Òyìnbó náà a ní adùn kọ́ ni a fi ń mọ ápù gidi. Mo máa ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan nínú wọn kò wọ ilé ẹnì kejì rí.

Ọkọ mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ipá já ápù. Ó ní kí a fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e láti ìsàlẹ̀, kí a sì yí i díẹ̀. Bí ó bá ti gbó, yóò bọ́ sí ọwọ́ wa fúnra rẹ̀. Bí ó bá di igi mú, kí a fi í sílẹ̀, kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ wa mọ òfin yìí kí wọ́n tó mọ aago wò.

Nígbà tí òyìnbó náà kú, tọkọtaya kan tí wọn kò tíì dàgbà púpọ̀ ra ilé rẹ̀. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa láti sọ fún wa pé àwọn yóò gé igi ápù òyìnbó náà, kí àwọn lè fẹ ilé ìdáná wọn lójú. Wọ́n sì gé e. Ìgbà ìrúwé tí ó tẹ̀ lé e dé, igi wa tanná funfun bí ó ti máa ń ṣe, òdòdó náà sì wọ́ dànù. Kò so ẹyọ kan. Ọkọ mi dúró ní abẹ́ rẹ̀ títí, ó wá ní, “Ìyáa wọn, igi wa ti di opó.”

Mo rò pé àwàdà ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé igi ápù kì í dá so. Àwọn kòkòrò oyin ni ó máa ń gbé ìyẹ̀fun inú òdòdó wá fún un láti ara igi ápù irú mìíràn. Ó ní òun yóò gbin ìkejì. Kò gbìn ín. Àìsàn dé bá a nígbà òtútù ọdún náà, ìrúwé kejì sì kọjá láìsí èso.

Àwọn dókítà sọ ohun tí wọ́n ní láti sọ, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Àwọn ọmọ gbé ibùsùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, kí ó lè máa rí ìta. Oúnjẹ ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo po ògì, ó yí orí kúrò. Mo se ọbẹ̀ ẹja bí ìyá rẹ̀ ti máa ń sè é, ó ní òórùn rẹ̀ ti tó òun. Mo ra ápù wá láti Rye Lane. Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀, ó ní omi lásán ni. Ó ní bí ó bá jẹ́ ti ara igi òun ni, òun yóò jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, n kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju pé kí igi náà so kí ó tó pẹ́ jù. N kò sunkún. Mo ń kírun mi lákòókò, mo ń fọ aṣọ, mo ń wo igi.

Nígbà tí ìrúwé tún dé, tí òdòdó fẹ́ là, ó pè mí, ó sì sọ ohun tí mo lè ṣe. Kí n wá ẹ̀ka tí ó ti tanná láti ara igi ápù ẹlòmíràn, kí n fi í sínú omi, kí n sì gbé e kọ́ sí àárín igi wa. Àwọn oyin yóò ṣe ìyókù.

N kò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà tí a jọ ń lọ sí mọ́sáláṣí, tí ó ń gbé ní Catford, tí ó sì ní igi ápù. Mo tẹ̀ ẹ́ láago. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó gé ẹ̀ka fún mi títí garawa mi fi kún, ó sì ń bínú pé, “Àlàájà, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ kan fi mọ́tò gbé yín.” Mo dá a lóhùn pé àwọn ọmọ wà ní ibi iṣẹ́.

Aṣọ tí mo fi ń lọ kí ìrun Jímọ̀ ni mo wọ̀. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo gbé garawa sí àárín ẹsẹ̀ mi, òdòdó náà sì ga kọjá orí mi. Obìnrin kan tí ó jókòó ní iwájú mi, tí kò ju àwọn ọmọ mi lọ, wò mí títí, ó wá fi Yorùbá kí mi.

“Mummy, ẹ kú ìnáwó o. Ìyàwó ibo lẹ ń gbé lọ báyìí?”

“Kì í ṣe ìyàwó. Ọkọ ni mo ń gbé lọ fún igi kan.”

Ó rẹ́rìn-ín tí àwọn èrò fi yíjú padà. Ó ní, “Ẹ bá èmi náà wá ọ̀kan, Mummy. Èyí tí kì í sọ̀rọ̀ yìí ló wù mí.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. N kò rántí pé inú mi dùn. Nígbà tí a dé Peckham, ó bá mi gbé garawa náà sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi gèlè àtijọ́ kan so garawa náà mọ́ ibi tí ẹ̀ka ti pín. Ọkọ mi ń fi ìka júwe láti ojú fèrèsé: kí n gbé e sókè, kí n sún un sí òsì. Àwọn oyin dé. Nígbà tí òdòdó wọ́, àwọn èso kéékèèké yọ, wọn kò ju kóró ẹyìn lọ. Púpọ̀ nínú wọn já bọ́. Márùn-ún ni ó kù.

Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè wọn lọ́wọ́ mi bí ẹni ń béèrè ọmọ, èmi náà sì ń jíṣẹ́ wọn fún un. Nígbà tí oṣù kẹjọ fi wọlé, omi ṣíbí ni ó ń mu. Mo jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìjẹ́ pé ó rán mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ápù kan. Ó di igi mú. Mo yí i. Ó di igi mú. Mo fà á. Ó wá tewétewé.

Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún un nínú àwo. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ìdí rẹ̀.

“O fi ipá já a ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló ń lé ọ?”

Ohun tí ó ń lé mi, àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ó gbé àwo náà padà fún mi, ó ní, “Fi àwọn yòókù sílẹ̀. N óò dúró dè wọ́n.”

A kì í da oúnjẹ nù ní ilé wa, nítorí náà mo jókòó tì í, mo sì jẹ ápù náà. Ó ń wo ẹnu mi. Ó béèrè bí ó ti rí. Mo sọ fún un pé ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ó mi orí, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú ẹni tí ó borí nínú àríyànjiyàn.

Àwọn mẹ́rin yòókù gbó ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbé wọn, wọ́n sì bọ́ sí ọwọ́ mi fúnra wọn. Mo gbé wọn sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ibùsùn wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wá, mo gé wọn fún gbogbo wọn. Wọ́n ní ó dùn. Mo jẹ nínú rẹ̀. Ó dùn ní tòótọ́. Ọmọ mi obìnrin bi mí bóyá kí àwọn ra igi kejì wá gbìn. Mo sọ fún un pé n óò rò ó.

Bàbáa wọn kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. A sin ín ní ọjọ́ kejì, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti pa á láṣẹ. Kí wọ́n tó bò ó lójú, wọ́n ní kí n wá wò ó, mo sì lọ wò ó. Ìyẹn jẹ́ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó kọjá. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà.