Ojú Ukulélè Ìyá Onílẹ̀kùn

Ìyá Onílẹ̀kùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ilẹ̀kùn ló ti ń kàn láti ìgbà èwe rẹ̀. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tí olè lè fi èjìká tì ṣubú. Bí oníbàárà bá ní kó fá pákó kí ó lè fúyẹ́, á bi í pé, "Ṣé ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ ni, àbí aṣọ ojú fèrèsé?"

Nígbà tó yá, rọpárọsẹ̀ kọlu ọkọ rẹ̀ tó máa ń ta gìtá. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ kò lókun mọ́. Gìtá ńlá wá di ẹrù. Á gbé e lé itan, á wò ó, á tún gbé e ti ògiri. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò lè fara dà nìyẹn. Ó gbọ́ pé gìtá kékeré olókùn mẹ́rin kan wà, ukulélè, tí okùn rẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ìka. Ó lọ wo ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìka wọ̀n ọ́n, ó padà sílé, ó mú ìfági.

Èyí tó kọ́kọ́ kàn le bí àpótí. Ọkọ rẹ̀ ta okùn kan. Ó dún "kọ́", ó dákẹ́.

"Ó dára," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ má tàn mí, Bàbá wa. Bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn ló dún."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ojú ẹ̀, pákó iwájú yìí, ló nípọn jù. Okùn ń pè é, kò dáhùn."

Ìyàwó rẹ̀ wá pákó mìíràn tó ti gbẹ dáadáa, ó ń fá a. Bó bá ti fá a díẹ̀, á gbé e sétí, á fi ìka kàn án. Nígbà tó ku mìlímítà mẹ́ta, igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Àṣé mo ní láti dàgbà tán kí igi tó bá mi sọ̀rọ̀," ó wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. "Okùn máa fà á o. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, á ya."

"Kàn án kí n gbọ́." Ọkùnrin náà di ojú. "Fá a sí i."

Ó fá a títí ó fi ku mìlímítà méjì, tó ń tẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Ó gbé e kojú oòrùn ní fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ là á já, ìlà inú igi sì hàn bí iṣan ọwọ́. Látọjọ́ tó ti ń gé igi, kò rí inú rẹ̀ báyìí rí. Orí rẹ̀ wú. Ó dúró níbẹ̀, kò lè gbé e sílẹ̀.

Ó lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ abẹ́ rẹ̀ fún àtìlẹ́yìn, ó sì kàn án pọ̀ mọ́ ara ukulélè náà. Nígbà tó fa okùn le, ojú ukulélè wú sókè díẹ̀. Kò ya.

Ọkọ rẹ̀ gbé e mọ́ àyà. Ìka òsì kan tẹ okùn kan ṣoṣo, ọwọ́ ọ̀tún sì ta á. Ohùn náà jáde, ó kún yàrá, ife orí tábìlì sì ń dún tẹ̀lé e. Obìnrin náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ukulélè: ó ń gbọ̀n bí àyà ẹyẹ téèyàn mú lọ́wọ́.

"Nǹkan tó fẹ́lẹ́ báyìí," ó wí jẹ́jẹ́, "ibo ló ti rí gbogbo ohùn yìí?"

"Èmi náà ò mọ̀. Jókòó tì mí."

Ó jókòó. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, okùn kan yẹn ni ọkùnrin náà ń tẹ̀, torí ìka kan lọ́wọ́ òsì ló ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìka kejì ti dara pọ̀ mọ́ ọn.