Rejíìmù Tí Ìyá Mi Rù Wá

Ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé láti bí ọdún mẹ́wàá, mo sì ti sọ ọ́ di ohun àpọ́nlé. Ní ọjà Bouaké níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà alùpùpù, mo máa ń sọ pé Anago, bí wọ́n ṣe ń pe ìran wa níbí, tí kò bá níkùn, àwọn oníbàárà á rò pé ọjà rẹ̀ kò tà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tan ara mi jẹ títí oorun fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ lọ́sàn-án gangan, tí oníbàárà kan ní láti jí mi kó tó lè ra púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ yẹn ni mo gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò jẹ́ ọmọbìnrin ẹ̀yà Baoulé kan, ẹni tí n bá bí ká ní mo tètè gbéyàwó. Ó gún mi níka, ó wo ẹ̀rọ kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ga. "Kò tíì di àtọ̀gbẹ, tọ́ńtọ̀n," ó sọ ọ́ ní Faransé, ó ń pè mí bí àwọn ọmọ ibí ṣe ń pe àgbà ọkùnrin, "ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà yín." Ó fún mi ní oṣù mẹ́ta kí n fi tún ara mi ṣe. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo ń jẹ.

Ìbéèrè yẹn kò le rárá. Lọ́sàn-án, gábà ni mò ń jẹ, ìyẹn ẹ̀gẹ́ bíi gàrí tí wọ́n ń pè ní àtiékè, pẹ̀lú ẹja díndín, obìnrin tó ń tà á sì ti mọ̀ pé kí òun bu òróró ìsàlẹ̀ agbada lé tèmi lórí. Súkúrérì ni mo fi ń sìn ín, àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò aláwọ̀ pupa yẹn: ìgò méjì kí òòrùn tó rọlẹ̀, méjì sí i bí ọjà bá tà, méjì sí i bí kò bá tà. Ṣùgbọ́n ojú tì mí níwájú ọmọ kékeré. Kí n tó mọ̀, ìtàn ìgbà èwe mi ni mò ń sọ fún un. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè ni ìyá mi fi ń jí wa, dòdò ló fi ń mú wa sùn, mo ní ògì ilé wa dùn ju oyin lọ. Mo sọ ọ́ débi pé àánú ara mi ṣe mí.

Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní, "Tọ́ńtọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe rejíìmù," ìyẹn ni pé kí n dín oúnjẹ kù, ó sì fa ìwé náà lé mi lọ́wọ́. Mi ò kà á. Mo ká a sí mẹ́rin, mo kì í bọ àpò. Wọ́n ní igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Èmi kò wo igi, ẹni tó gbìn ín ni mò ń wá. Àfọwọ́fà ni àìsàn mi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di àjogúnbá.

Láti ibẹ̀, mo gba ọ̀nà Gonfreville lọ tààrà, níbi tí ìyá mi ṣì ń gbé nínú àgbàlá tí wọ́n ti tọ́ wa. Ẹ̀wà ló ń ṣà lórí àtẹ. Ìkíni mi kò délẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀.

"Màámi, ṣúgà ti wọ ẹ̀jẹ̀ mi. Dòdò yín ló fà á. Láàárọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, lálẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀! Ẹ wò ó, dókítà ní rejíìmù ló kù tí mo máa ṣe."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. "Rejíìmù?"

"Rejíìmù."

"Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Fúnra rẹ̀."

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí.

Mo gun alùpùpù mi padà bí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá láre. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, tó bá ìyá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin jà nítorí dòdò, ló ń fọn fèrè lójú títì.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò kí mi. "Kí lo sọ fún Ìyá?" Ó ní Ìyá ti pe òun pé kí òun lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí òun sì foríji Ìyá. Ìyá ti pe àbúrò wa tó wà ní Abidjan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ fún un. "Ó ní òun fi ọwọ́ ara òun fún wa ní májèlé jẹ. Ó ń sunkún! Ìwọ tó jẹ́ pé ìwọ lo máa ń já ìsàlẹ̀ ìkòkò gbà mọ́ wa lọ́wọ́!"

Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Mo ní n ó lọ bẹ Ìyá lọ́la. Nígbà tó di ọ̀la, mo ní èrò pọ̀ lọ́jà. Mo mọ ọ̀nà Gonfreville dáadáa nígbà tí mo ń lọ jà. Nígbà tó kan ẹ̀bẹ̀, ọ̀nà náà wá jìn.

Òun ló wá. Mo jókòó níwájú ìsọ̀ mi nígbà tí tákísì kan dúró, tí ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, tí awakọ̀ sì ń bá a gbé odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ka orí òṣùká, bí wọ́n ṣe bẹ́ ẹ lára igi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ní ìlú wa níbí, odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pè ní rejíìmù. Ó wà lára ọ̀rọ̀ Faransé tí ìyá mi kọ́kọ́ mọ̀. Bàsíà ló ń tà nígbà náà, ó ń rù ú lọ sí ọjà Bodokro àti Sakassou. Bí obìnrin olóko kan bá fẹ́ bàsíà tí kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀, Ìyá á na ìka kan sókè, á ní, "Rejíìmù." Bàsíà kan, rejíìmù kan. Ohun tí a fi yó nìyẹn. Pé àwọn dókítà tún ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pe kí èèyàn dín oúnjẹ kù, ta ni yóò sọ ọ́ fún un?

"Mo ti Bodokro dé," ó ní, ó ń mí gúlegúle. "Èyí tí kò tíì pọ́n ni mo rà, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bó bá tán, n ó tún lọ. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tó bà ọ́ jẹ́ náà ni yóò tún ọ ṣe, ṣùgbọ́n dókítà ló kàwé."

Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wo ẹsẹ̀ rẹ̀, tí eruku Bodokro ti bò dé ojúgun. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi. Mo sọ ìtumọ̀ rejíìmù ti dókítà fún un, mo ń wolẹ̀.

Ó jókòó lórí táyà. "Ọ̀rọ̀ tí mo fi bọ́ yín náà ni wọ́n fi ń ní kí ẹ má jẹun?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹ̀bi yín."

"Ìwọ lo sọ pé èmi ni lọ́jọ́sí. Èwo nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni kí n gbà? Mú mi lọ bá dókítà náà."

Kí dókítà tó fún Ìyá níjòókòó, ó ti ń sọ̀rọ̀. "C'est moi," ó ní, ó gbá àyà rẹ̀. Ó fi Faransé ọjà ṣàlàyé pé òun ni òun ba ọmọ yìí jẹ́, kí wọ́n má bínú sí i.

Dókítà wò mí. Ó béèrè ìwé rẹ̀. Mo yọ ọ́ jáde nínú àpò, ó ṣì wà ní kíká mẹ́rin. Ó ní kí n kà á sókè ní èdè tí Màmá gbọ́. Ìlà kìíní ní kí n má mu súkúrérì mọ́. Ìlà kejì ní kí n jáwọ́ nínú ohun díndín ìta. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó ní mo lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ní sísè, níwọ̀nba.

"Súkúrérì wo?" ìyá mi bi mí. "Ọjọ́ ọdún nìkan ni mo ń rà á, ìgò kan fún ẹ̀yin mẹ́ta."

Dókítà bi mí pé mélòó ni mò ń mu lóòjọ́. Mo dáhùn ní Faransé, mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní Màmá kò gbọ́.

"Mẹ́rin, Màámi. Lójoojúmọ́. Ó ti tó ogún ọdún."

Ìyá mi dìde, ó ṣáájú mi jáde. Lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé ìwòsàn, lójú gbogbo èrò, mo dọ̀bálẹ̀. Ikùn mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

"Dìde," ó ní. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ ọ́ fún un bó o ṣe sọ ọ́ níwájú dókítà. Lẹ́yìn náà, pe àbúrò rẹ." Mo pè wọ́n. Ó dúró tì mí, ó ń tẹ́tí, ó fẹ́ rí i dájú pé mi ò fo ìgò kankan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó se ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé mi. Ó bu ègé méjì sínú abọ́ mi. Obìnrin tó jẹ́ pé bí a bá ní a ti yó, á ní irọ́ ni, ó mú ègé kẹta dání, ó dúró, ó ń wojú mi. Ẹ̀rù ń bà á láti fún ọmọ rẹ̀ lóúnjẹ. Èmi ni mo sì kọ́ ọ ní ẹ̀rù yẹn.

Mo na abọ́ mi sí i. "Màámi," mo ní, "ẹ bù ú fún mi."