Ìwé Aláwòrán Sálámátù

Òórùn ìwé tuntun ló gbá mi nímú lánàá, nígbà tí ọmọ-ọmọ mi ṣí ìwé aláwòrán kan lórí itan mi. Ó ń ka tirẹ̀ lọ, èmi ti padà sí Òsí, níbi tí wọ́n ti bí mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìwé ọjọ́ ìbí lẹ fi ń wọ ilé-ìwé. Tiwa kọ́. Wọ́n á ní kí o gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kí ọwọ́ rẹ kan etí òsì. Tó bá kàn án, o ti dàgbà nìyẹn. Ọwọ́ Sálámátù, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn fara ti tiwa, kàn án wẹ́rẹ́. Tèmi dúró sórí bí ẹyẹ tó bà sórí òrùlé. Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà kò kéré.

Wọ́n gba Sálámátù wọlé, èmi padà sílé. Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà a máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé aláwòrán kan mú lọ sílé. Ọ̀rẹ́ méjì tó gbin kóró máńgòrò ló wà nínú rẹ̀. Bí a ti ń ṣí ojú ewé ni igi ń ga, táwọn náà ń ga, títí wọ́n fi dàgbà tí wọ́n ń gbatẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyá Sálámátù kì í jẹ́ ká jókòó lásán. Àtẹ ẹ̀gúsí tí a ń bó á wà láàárín wa, ìwé á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, Sálámátù á máa fìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí n pè é. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́, òun ni ìwé ń kọjú sí. Lódìkejì tí mo wà, igi máńgòrò forí sọlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ gbẹ́sẹ̀ sókè. Kò dí mi lọ́wọ́ rárá.

Ọdún yí po, ọwọ́ mi tún kù díẹ̀. Bàbá mi sì ti sọ pé bí wọn ò bá gbà mí lọ́tẹ̀ yìí, màá lọ máa bá ìyá ńlá mi roko ní Obbo-Ilé. Tíṣà ti ń pe ọmọ mìíràn nígbà tí Sálámátù di ọwọ́ mi mú, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ọ́ mọ ùwé kà. Mè é dá wọlé." Ó ní òun kò ní wọlé láìsí èmi.

Tíṣà na ìwé náà sí mi. Mo gbà á, mo dorí rẹ̀ kodò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà bá mi yí i padà, mo tún dorí rẹ̀ kodò. Ó fọwọ́ bo àwòrán, ó fìka kan ọ̀rọ̀ níhìn-ín, ó fìka kan ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, mo ń pè é. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?"

Mo tọ́ka sí ọ̀rẹ́ mi.

"Ó dáa, wọlé. Àmọ́ láti òní lọ, ẹ máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín."

Ìwé ti pọ̀ lóde báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń fi etí wọn ọjọ́ orí mọ́. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, mo rí i pé ọmọdé kì í dá ìwé aláwòrán wò pẹ́. Á ṣáà wá ẹni tí yóò bá a wò ó. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún, ṣùgbọ́n méjì lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ: Sálámátù ti di ìyá àgbà n'Ílọrin, ó ṣì ń pè mí. Apá mi làwọn àgbà ń wọ̀n nígbà yẹn. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló mọ̀ pé mo ti dàgbà.