Irun Nínú Ìwé Ọmọ Mi

Àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ mi ní Apòmù mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé, mo máa ń wá nǹkan fi kílípà ṣe. Fọ́ọ̀mù Tuu ni mo ti kúrò nílé ìwé. Àwọn kan máa ń sọ pé owó ni kò sí, pé bàbá àwọn kú. Bàbá tèmi wà láyé, owó náà wà níwọ̀nba. Èmi àti ìwé la ò gbọ́ra wa yé. A pínyà wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bá wa dá sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọlọ́run wá fún mi ní ọmọ tó ń ka gbogbo nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, obìnrin. Ó ń ka ara páálí oògùn, ó ń ka kàlẹ́ńdà ìrántí olóògbé tí ọdún ẹ̀ ti kọjá. Ó ka ìkìlọ̀ tó wà lára agolo oògùn ẹ̀fọn títí tó fi ní ká má fín in mọ́. Tá a bá wọ máruwá láti Apòmù padà sí Ìkirè, níbi tí ilé wa wà, gbogbo pátákó ẹ̀bá títì ló máa kà sí mi létí: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti bàbá tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni láíbìrì ilé ìwé wọn. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ni tíṣà ẹ̀ bá ránṣẹ́ pè mí.

"Bàbá, ọmọ yín ti kọjá ìwé tá a ní níbí. Ẹ wá òmíràn fún un o, èyí tó lágbára. Tí irú wọn ò bá rí ìwé kà, wàhálà ni wọ́n máa ń wá kiri."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo jáde. Mo dúró lábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì, mo ń rò ó pé èwo gan-an ni ìwé tó lágbára. Tó bá jẹ́ pé pàṣán ni, mo mọ èyí tó lágbára dáadáa.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Gbọ̀ngán. Ìwé ìdánwò àti ìwé àdúrà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Obìnrin tó ń tà á bi mí pé kíláàsì wo lọmọ wà. Mo sọ fún un, ó nawọ́ sí ìwé kíláàsì náà. Mo ní ó ti kọjá ẹ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin?" Mo ra ìwé àdúrà kan kí n má baà padà lọ́wọ́ òfo.

Ìyá àgbà kan wà ní Apòmù, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo máa ń lọ gẹrun fún un nílé torí orúnkún ò jẹ́ kó jáde mọ́. Yàrá kan wà nílé ẹ̀ tí kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ìwé nìkan. Lọ́jọ́ tí mo lọ, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan ìwé fún ọmọ mi."

Ó ní, "Èmi kọ́. Èmi ò mọ ọmọ ẹ, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Wọlé, mú èyí tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n kà á kí o tó fún un o. Ìwé tí ọmọ bá bá lọ, tí ìwọ ò kà á, o ò ní mọ ibi tó gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó sì kọ̀ ó lóun ò lọ mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo la bí. Ọmọ tó ṣì ń bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kó lọ síbi tí mo máa pè é tí kò ní gbọ́.

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe yan ìwé. Èyí tí wọ́n bá ti ya ọkùnrin àtobìnrin tó sún mọ́ra sí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀, mo dá a padà. Èyí tó ní ìbọn, mo dá a padà. Èyí tí kò ní àwòrán rárá, òun ló bà mí lẹ́rù jù. Níkẹyìn mo mú èyí tí wọ́n ya ilé kan sí, pẹ̀lú igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní ilé ò lè ṣe ọmọ níbi. Mo gbàgbé pé inú ilé ni gbogbo wàhálà tí mo mọ̀ láyé ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kà á. Tí oníbàárà kan bá lọ, mo gbé e. Tí òmíràn bá dé, mo ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì níwájú dígí kí n má baà sọ ojú ibi tí mo dé nù. Òyìnbó inú ẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń lọ tààrà. Tí mo bá fi máa dé òpin ọ̀rọ̀, mo ti gbàgbé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ọlọ́kadà kan tó wá fárí ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣèdánwò ni?"

"Ìwé ọmọ mi ni."

"Ọmọ yín wá ńkọ́? Ṣé òun ló máa fá tèmi?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Abẹ wà lọ́wọ́ mi, orí ẹ̀ wà níwájú mi. Kì í ṣe àkókò tó yẹ kéèyàn bínú.

Tí ọmọ mi bá ti iléèwé dé ṣọ́ọ̀bù, kó tó sọ báàgì ẹ̀ kalẹ̀: "Dádì, ẹ ti parí ẹ̀?"

"Ó kù díẹ̀."

Á jókòó, á dìde, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á padà wá ka ara ike pọ́ńdà tó ti kà lánàá. Èmi náà á gbálẹ̀ tí mo ti gbá. A dà bí èrò tó ti wọ mọ́tò tí dírẹ́bà lọ jẹun. Nígbà tó yá, mi ò lè wo ojú ẹ̀ mọ́. Mo ní, "Mo ti parí ẹ̀. Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀." Orí kẹta ni mo wà.

Báyìí ni mo ṣe ń mú un wá, tí mò ń dá a padà. Bí mo ṣe ń mọ ọ̀nà yàrá Màmá sí i, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí mò ń kà dé ń kúrú sí i.

Ìwé kan wá wà tó jẹ́ ọ̀nà ni wọ́n yà sí i lẹ́yìn, ọ̀nà lásán, kò sẹ́nì kan lórí ẹ̀. Ọmọ mi gbà á, ó kà á, ó sì dákẹ́. Nínú máruwá, kò ka pátákó kankan. A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, a kọjá mọ́ṣáláṣí, a kọjá bàbá oníjẹ̀díjẹ̀dí, kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Mi ò lè bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀, torí èmi ni mo sọ pé mo ti kà á. Mo wá fẹ́ dọ́gbọ́n sí i.

"Ibi tó dùn yẹn, ó dùn àbí?"

"Ibo, Dádì?"

"Apá ìparí."

"Kò dùn, sà. Ẹ̀yin ò sunkún?"

"Mo sunkún díẹ̀."

Ó wò mí. Ó mú ìwé jáde nínú báàgì. "Ẹ̀ bá kàn sọ pé ẹ ò tíì kà á tán."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Irun ni."

Ó ṣí i sílẹ̀ fún mi. Bí mo ṣe ń gẹrun, irun orí àwọn èèyàn ti ń bọ́ láti apá mi sínú ìwé. Orí kìíní, irun. Orí kejì, irun, èyí tó funfun. Mo tiẹ̀ rántí ẹni tó ni í. Látibẹ̀ lọ, gbogbo ewé ìwé mọ́ tónítóní.

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí," ó ní. "Nínú èyí tí wọ́n yalé sí lẹ gbìyànjú jù."

"O wá dákẹ́?"

"Mo rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ ò ní mú ìwé wá mọ́."

Ọlọ́kadà ọjọ́sí wọlé, ó jókòó, mo so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ní, "Kà á sí mi létí."

Bó ṣe ń ka òyìnbó ló ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, ìyá ẹ̀ rìnrìn àjò, òun àti bàbá ẹ̀ nìkan ló kù nílé. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà yẹn tún padà wá. Kò sí irun lórí ẹ̀ tí mo fẹ́ fá, ìtàn ló bá wá. Ọmọ mi ń kà á lọ geere. Ó dé ibì kan, ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì ṣí ewé méjì pọ̀.

Mo pa kílípà. "O fo ibì kan."

"Kò yẹ kí n ka ibẹ̀ lójú àgbà, Dádì."

"Àgbà wo?" ni ọlọ́kadà wí. "Ọmọ, kà á jàre!"

"Ìwọ, lọ gbé èrò."

Ara mi ti gbóná. Ibi tó ti ń lọ láìsí mi nìyẹn, ó sì ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo ní kó gbé ìwé náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ewé méjì yẹn nìkan ni mo fi gbogbo ọjọ́ kà, mò ń bi fóònù ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ inú ìtàn rí nǹkan oṣù ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ó rò pé òun fẹ́ kú ni. Bàbá ẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ọmọ náà ń gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá, ó ń lọ fọ aṣọ ní kọ̀rọ̀.

Mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo wọ ọ̀kadà lọ bá ìyàwó mi ní Ìkirè. Ó ń din dòdò.

"Ṣé o ti bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ nǹkan oṣù?"

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Láti ọdún tó kọjá. Kí ló dé? Ṣé ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo padà sí Apòmù. Ọmọ mi ti dé, ó ń bá mi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní, "Mo kà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bàbá ẹ̀ wà nílé. Kí ló dé tí ọmọ yẹn ò sọ fún un?"

Ó ń fi ìka yí okùn báàgì ẹ̀. "Bàbá ẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ fún un. Ìyẹn ló ń dùn mí látìjọ́ yìí."

Èmi pẹ̀lú ojú mi nínú dígí la jọ gbọ́ ọ. Mo ní, "Èmi ò mọ gbogbo nǹkan o."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà."

Nígbà tí a máa tún lọ mú ìwé, mo ní kó máa dá lọ sọ́dọ̀ Màmá, kó lọ yàn án fúnra ẹ̀. Mo ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ pọ̀. Iṣẹ́ ò pọ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo yọ orí sí títì, mo fá ẹnì kan ní ìlàjì, mo tún lọ yọ orí. Ẹni yẹn ní, "Ọ̀gá, ṣé wọ́n ń lé yín ni?"

Ọmọ mi dé. Ìwé méjì ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀kan ki bíi búlọ́ọ̀kù, kò ní àwòrán kankan.

"Tèmi nìyí, Dádì."

"Èyí ńkọ́?" Tinínrín ni ìkejì, wọ́n ya ewúrẹ́ sí i lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ tóbi.

"Tiyín ni. Mo ti kà á kí n tó mú un wá. Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀."

Mo gbà á. Mo fẹ́ gbọn irun kúrò lápá mi kí n tó ṣí i, mo bá tún fi irun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa bọ́ sínú ìwé.