Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Lójú Odò Ògùn

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, orí ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Kí mọ́tò tó mọ ọ̀nà wa ni mo ń sọ yìí. Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan lódìkejì odò Ògùn, bàbá rẹ̀ kò sì tíì fọhùn pé òun gbà. Ni mo bá ru agbọ̀n iṣu tuntun kan, mo gba ọ̀dọ̀ atukọ̀ lọ lásìkò tí odò kún dẹ́nu.

Atukọ̀ wò mí láti òkè délẹ̀. "Àárín ni kó o jókòó sí. Omi yìí ń sáré lónìí. Bó o bá lọ síwájú, imú ọkọ̀ á tẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa fì, apá mi ò sì ní ká a mọ́." Mo ní mo ti gbọ́.

Bàbá kan ti wà níwájú ọkọ̀, ó faṣọ borí nítorí òjò tó ń ṣẹ́. A ṣí. Yéè! Ọkọ̀ ń fò, igi etídò ń sá lọ sẹ́yìn. Inú mi ń dùn, mo ń kọrin, àfi bí bàbá yìí ṣe ṣí aṣọ lórí. Bàbá ìyàwó mi ni!

Ta ló máa rí àna tí yóò jókòó gẹlẹtẹ? Bí mi ò bá kí i, ó tán nìyẹn. Gbalaja ni mo nà síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá!"

Imú ọkọ̀ wọmi. Ìdí rẹ̀ gbéra, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, a dábùú odò. Iṣu ń yí gbirigbiri bọ́ sómi.

"Dìde!" ni àna mi ké.

"O ò gbọdọ̀ mira!" ni atukọ̀ ké. "Bó o bá dìde, ọkọ̀ dojú dé nìyẹn! Bàbá, ẹ rọra rá bọ̀ lẹ́yìn!"

Ti atukọ̀ ni mo gbọ́. Àna mi fi orúnkún tẹ ẹ̀yìn mi kọjá, omi dé imú mi, mo ṣáà dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìyàwó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, torí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo kọ̀.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, àna mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ń lọ níwájú, mo ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwọ̀nba iṣu tó kù, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Bí a ti wọ agbo ilé, ó pe gbogbo ará ilé jáde.

"Ẹ wá wo ọkọ ọmọ wa o! Láti àárín odò dé èbúté ló fi dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde, ó kọ̀ jálẹ̀!" Ó kọjú sí mi. "Ó tó. Má kí mi mọ́ títí ọdún yóò fi yí po."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Omijé ń bọ́ lójú mi, mo ní omi odò ni.