Ilẹ̀kùn Tí Mo Fi Ṣọ́ọ̀kì Kọ

Títí di òní, bí mo bá rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ tíṣà, àyà mi máa ń já. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìlọrà mọ̀ pé èmi kì í ṣe ojo. Mo lẹ́nu, mo sì lè bá èèyàn jà láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ń bà mí lẹ́rù.

Iṣẹ́ àjẹsára ni mò ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ní ká gbé abẹ́rẹ́ èéyi káàkiri ojúlé, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wa. Àwa mẹ́ta ni: èmi, obìnrin kan tó ń gún abẹ́rẹ́, àti ọkùnrin kan tó ń kọ̀wé. Ohun tí wọ́n rán wa kò lọ́jú pọ̀ rárá: kí gbogbo ọmọ kéékèèké gba abẹ́rẹ́. Wọ́n wá fún wa ní ṣọ́ọ̀kì, pé ilé tí a bá ti parí, ká kọ àmì sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì yẹn ló mú wa ṣìnà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa pè mí láti Fìdítì. Ó ní, "Ilé mélòó lẹ kọ lónìí?" Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní Awẹ́ ti kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Láti ọjọ́ kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni èmi náà ń bi àwọn èèyàn mi: "Ilé mélòó ló kù?" Bí ẹnì kan bá fẹ́ mu omi, màá ní kó máa mu ún lọ lójú ọ̀nà. Ọkùnrin tó ń kọ̀wé ní, "Àǹtí, ẹ rántí pé àwa náà lẹ́mìí o." Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta la dé ilé ìyá àgbà kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Òun nìkan ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó fún wa lómi, ó sì ti ń ṣàdúrà fún wa kí a tó kí i tán. Mo bi í léèrè àwọn ọmọ. Ó ní gbogbo wọn wà lóko lọ́nà Ìmínì pẹ̀lú bàbá àti ìyá wọn, pé ó di ìgbà tí wọ́n bá ro àgbàdo tán kí wọ́n tó wálé. Gbogbo wa la mọ irú rẹ̀. Ilé wà nílùú, àmọ́ bí òjò bá ti ń rọ̀, oko lèèyàn ń gbé. Mi ò bi í pé ọmọ mélòó. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àbí? Mo fi àṣà yẹn bojú, nítorí pé bí mo bá mọ iye wọn, ara kò ní gbà mí láti kúrò níbẹ̀.

Obìnrin tó ń gún abẹ́rẹ́ wò mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ká gun ọ̀kadà lọ bá wọn lóko?" Mo ní oko kò ní ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo fọwọ́ ara mi kọ àmì gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ìyá àgbà, a sì kọjá sílé kejì. Lọ́jọ́ yẹn, a ju àwọn Awẹ́ lọ. Ọ̀gá yìn mí, mo sì sùn dáadáa.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibùdó ìlera wa láàárọ̀, ọ̀kadà kan dúró. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbá ọmọbìnrin kékeré kan mọ́ àyà. Èéyi ti sú bo ọmọ náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti lẹ̀ pa. Mo dojú ọ̀rọ̀ kọ ìyá rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe. Kí ló dé tí kò fi gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́?

Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ gbé e wá. Ìyá ọkọ mi ló ránṣẹ́ pé kí n má ṣèyọnu, pé ẹ ti kọ ilé wa."

Mo ní ilé wo. Ó júwe ilé ìyá àgbà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn.

A ní kí wọ́n máa gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀yọ́. Bí ọkọ̀ ṣe lọ, mo gba ilé ìyá àgbà lọ. Bóyá mo fẹ́ fi àkísà nu àmì yẹn kúrò ni, mi ò mọ̀. Mo dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá yìí ti fi ìṣó kan ọ̀rá bo ṣọ́ọ̀kì náà, nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí òjò má baà fọ̀ ọ́. Ohun tí mo kọ ṣì hàn ketekete lábẹ́ rẹ̀.

Ó jáde sí mi. Kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, o rí i pé mo tọ́jú ẹ̀? Àwọn aládùúgbò mi jẹ́ kí òjò pa tiwọn rẹ́." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní, "Kí wá lo kọ síbẹ̀ nígbà yẹn?"



Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ni kò ríran mọ́.

Nígbà tí wọ́n tún gbé abẹ́rẹ́ dé, mo yí ìbéèrè ìrọ̀lẹ́ padà. Mo ń bi àwọn èèyàn mi pé, "Ọmọ wo la ò tíì fojú rí?" Bó bá ku ẹyọ kan, ẹyọ yẹn la ó kọ́kọ́ wá lọ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá pè, ó ní àwọn Awẹ́ ti fi wá sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa lọ, àá bá wọn.

Oko ọ̀nà Ìmínì la kọ́kọ́ lọ. Ọmọbìnrin náà wà lábẹ́ igi kaṣú, ó ń fi ìgbálẹ̀ ṣeré. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo gbà wá, mo ń juwọ́ sí i. Kò wò mí. Ó di ìgbà tí mo pè é kó tó yí gbogbo orí padà, tó ń wá ibi tí mo wà.